Irun Nípọn Lábẹ́ Oòrùn: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Èrò Lórí Bí Ajá Ilẹ̀ Òtútù Ṣe Ń Fara Da Ooru

Àwọn ẹ̀yà ajá kan wà tí òtútù mọ bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Siberian Husky, tí àwọn ènìyàn Chukchi ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Sàìbéríà fi ń fa ẹrù lórí yìnyín, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Samoyed, tí àwọn ènìyàn Nenets fi ń da agbo àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù, àti Alaskan Malamute ti ìwọ̀-oòrùn Àlásíkà, jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Akita ti àríwá Jàpáánù àti Chow Chow ti ilẹ̀ Ṣáínà. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn tó rí irú wọn ní ibi tí yìnyín kì í ti í bọ́, ṣùgbọ́n lónìí wọ́n wà ní Texas, ní Ísírẹ́lì, ní Àbújá àti ní Èkó, àwọn tí ó ń sìn wọ́n níbẹ̀ sì ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan: kí ni irun tí ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ajá nígbà tí ooru bá mú?

Ìdáhùn tí wọ́n ń gbọ́ kò bára mu rárá. Àwọn kan sọ pé irun náà ni ó ń dáàbò bo ajá lọ́wọ́ oòrùn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fá a. Àwọn mìíràn sọ pé bí ẹni tí ó wọ kóòtù òtútù lọ́sàn-án gangan ni ajá náà rí. Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ imú àti ahọ́n ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ irun. Àwọn mìíràn sì ní iṣẹ́ tí ajá ń ṣe àti bí ó ṣe sanra tó ni kí wọ́n béèrè. Apá púpọ̀ nínú àríyànjiyàn yìí wáyé nítorí pé àwọn tí ó ń jiyàn kì í sọ irú ooru tí wọ́n ní lọ́kàn. Ooru ìtànṣán oòrùn, ooru afẹ́fẹ́, àti ooru tí ó ti inú ẹran ara ajá fúnra rẹ̀ jáde kì í ṣe ohun kan náà, irun kan náà kò sì lè hùwà kan náà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí irun náà ṣe rí

Irun àwọn ajá wọ̀nyí jẹ́ ìpele méjì. Irun òde gùn, ó le díẹ̀, ó sì ń ta omi àti yìnyín nù. Irun inú kúrú, ó rọ̀, ó sì fún pọ̀ bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Kì í ṣe irun gan-an ni ó ń dá ooru dúró bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tí ó há sáàrin irun inú, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí kò rìn kì í tètè jẹ́ kí ooru kọjá. Ní 1950, Per Scholander, Laurence Irving àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwé jáde lórí ohun tí wọ́n wọ̀n lára awọ àwọn ẹranko ilẹ̀ òtútù àti ti ilẹ̀ olóoru, wọ́n sì fi hàn pé bí irun bá ṣe nípọn tó ni agbára rẹ̀ láti dá ooru dúró ṣe máa ń pọ̀ tó.

Ara ajá tí ó lera máa ń wà láàrin 38.3°C sí 39.2°C. Ibi tí ó gbóná ni ooru ti ń rìn lọ sí ibi tí ó tutù. Bí afẹ́fẹ́ àyíká bá tutù ju ara ajá lọ, ooru ń jáde kúrò lára rẹ̀, irun sì ń dín ìjáde náà kù. Bí oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ bá ń gbé ooru wá sára rẹ̀, irun ń dín ìwọlé náà kù. Inú òfin kan yìí ni àwọn èrò méjèèjì àkọ́kọ́ ti ṣẹ̀ wá, bí wọ́n tilẹ̀ ń bá ara wọn jà.

Èrò kìíní: irun jẹ́ asà lọ́wọ́ oòrùn

Àwọn tí ó di èrò yìí mú sọ pé ohun tí ó lè há ooru mọ́ inú lè sé e mọ́ ìta pẹ̀lú. Òrùlé bẹẹrẹ ni àpèjúwe tí ó bá ọ̀rọ̀ wọn mu jù: ilé tí a fi bẹẹrẹ bo nípọn máa ń tutù ní ọ̀sán tí ilé páànù ń hó, nítorí pé orí òrùlé ni ooru oòrùn dúró sí, kò wọ inú yàrá. Lójú wọn, orí irun òde ni ìtànṣán oòrùn ń bà sí, ibẹ̀ ni ó ti ń yí padà di ooru, ibẹ̀ náà sì ni atẹ́gùn ti ń gbé e lọ kí ó tó dé awọ.

Ẹ̀rí wọn kò kéré. Ní 1953 sí 1954, Knut Schmidt-Nielsen ṣe ìwádìí lórí ràkúnmí ní Béni Abbès nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ti Àlùjẹ́ríà, ó sì rí i pé ràkúnmí tí wọ́n rẹ́ irun rẹ̀ pàdánù omi tí ó fi nǹkan bí ìdajì pọ̀ ju ti èyí tí irun rẹ̀ wà lára rẹ̀ lọ. Lórí àwọn àgùntàn Merino ní Ọsirélíà, àwọn olùwádìí rí i pé ṣóńṣó irun àgùntàn tí ó dúró nínú oòrùn lè gbóná kọjá 80°C nígbà tí awọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò gbóná ju nǹkan bí ìdajì bẹ́ẹ̀ lọ. Glenn Walsberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún mú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí i ní 1978, nígbà tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹlé dúdú àti funfun ṣe àyẹ̀wò: ìtànṣán oòrùn wọ inú ìyẹ́ funfun jìn ju bí ó ṣe wọ inú ti dúdú lọ, débi pé bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ dáadáa, ooru tí ó dé awọ lábẹ́ ìyẹ́ dúdú tí ó dúró ṣánṣán lè kéré ju ti abẹ́ funfun lọ. Ìyẹn jẹ́ ìkìlọ̀ fún ẹni tí ó rò pé Samoyed funfun gbọ́dọ̀ tutù ju Husky dúdú lọ nítorí àwọ̀ nìkan.

Àìlera èrò yìí ni pé ẹ̀rí rẹ̀ tí ó lágbára jù wá láti ara ẹranko mìíràn. Ràkúnmí ń làágùn ní gbogbo awọ ara rẹ̀, òógùn náà sì ń gbẹ lábẹ́ irun, nítorí náà irun ń ṣọ́ omi rẹ̀ fún un. Ajá kò ní irú òógùn bẹ́ẹ̀ àfi ní àtẹ́lẹsẹ̀, ohun tí irun ràkúnmí ń ṣọ́ kò sì sí lára rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, asà kò wúlò níbi tí ọ̀tá kò sí. Ajá tí ó wà lábẹ́ igi, tàbí nínú ilé, tàbí lóru, kò ní oòrùn tí irun yóò bá a dá dúró. Ìṣirò afẹ́fẹ́ pàápàá kò gbe èrò yìí: ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú olóoru, títí kan Èkó níbi tí ooru ọ̀sán kì í sábà kọjá 35°C, afẹ́fẹ́ abẹ́ ìbòòji ṣì tutù ju ara ajá lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìta ni ooru ń wá ọ̀nà lọ, irun ni ó sì ń dí i lọ́nà.

Èrò kejì: irun jẹ́ kóòtù tí ajá kò lè bọ́

Ibi tí èrò kìíní ti rẹ̀ ni èrò kejì ti gbéra. Àwọn tí ó gbà á gbọ́ sọ pé ọ̀tá ajá ilẹ̀ òtútù kì í ṣe oòrùn bí kò ṣe ooru tí ara rẹ̀ ń dá. Nígbà tí ajá bá ń sáré, apá kékeré nínú agbára tí ẹran ara rẹ̀ ń lò ni ó ń di ìrìn, ìyókù, tí ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ń di ooru. Àwọn tí ó ń fi ajá sáré ní Àlásíkà mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Nínú eré Iditarod, tí wọ́n kọ́kọ́ sá dé Nome ní 1973, tí ó sì gùn tó nǹkan bí 1,600 kìlómítà, ọjọ́ tí ooru kọjá ìwọ̀n tí omi fi ń dì díẹ̀ ti jẹ́ ọjọ́ ìnira fún àwọn ajá. Ọ̀pọ̀ olùdarí sì máa ń dúró sinmi ní ọ̀sán, kí wọ́n lè rìn ní òru. Bí ajá tí ó ń ṣiṣẹ́ bá lè gbóná lójú ọ̀nà yìnyín, wọ́n ní kò sí bí a ṣe lè pe irun náà ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ 33°C.

Ó yẹ kí a fi kún un pé àwọn olùsáré ti fi ọwọ́ ara wọn jẹ́rìí sí èyí nínú bí wọ́n ṣe ń yan ajá. Alaskan Husky, tí ó jẹ́ àdàlù tí wọ́n ń bí fún eré nìkan, sábà máa ń ní irun tí ó fúyẹ́ ju ti Malamute tí wọ́n ń gbé lọ sí ibi ìdíje ẹwà.

Síbẹ̀, èrò kejì náà ń fojú fo ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni pé irun kò nípọn bákan náà káàkiri ara. Ikùn, abẹ́ apá, inú itan, etí àti imú kò ní irun púpọ̀, ibẹ̀ sì ni ooru ti ń rí ọ̀nà jáde. Ìdí nìyẹn tí Husky fi máa ń wa ilẹ̀ títí yóò fi kan iyẹ̀pẹ̀ tutù, tí yóò sì na ikùn lé e. Ìkejì ni pé irun tí a fi ń ṣe àríyànjiyàn kì í fìgbà gbogbo wà lára ajá lódindi, gẹ́gẹ́ bí èrò kẹrin yóò ṣe fi hàn.

Èrò kẹta: imú àti ahọ́n ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn

Àwọn onímọ̀ nípa iṣẹ́ inú ara ẹranko ni ó sábà máa ń mú èrò yìí wá, ẹ̀rí wọn ni ó sì dúró ṣinṣin jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ara ajá fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bí omi bá gbẹ kúrò lórí ohun kan, ó ń gbé ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ènìyàn ń lo òógùn fún èyí; ajá ń lo omi tí ó wà nínú imú, ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, nípa mímí hẹlẹhẹlẹ.

Ní 1962, Eugene Crawford ṣàlàyé pé mímí hẹlẹhẹlẹ yìí kì í ṣe àìbalẹ̀ ọkàn lásán. Àyà àti ẹ̀dọ̀fóró ajá ní ìwọ̀n ìyára tí wọ́n fi ń fì fúnra wọn, bí jáńgílọ́fà tí ọmọdé jókòó sí. Ẹni tí ó bá tì í ní àkókò tí ó yẹ kò ní lo agbára púpọ̀, ẹni tí ó bá sì tì í ní àkókò tí kò yẹ yóò rẹ̀. Ajá máa ń mí ní ìwọ̀n ìyára yẹn gan-an, nǹkan bí ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà iṣẹ́ mímí náà kò dá ooru púpọ̀ kún èyí tí ó fẹ́ lé jáde. Ní 1970, Schmidt-Nielsen, William Bretz àti Richard Taylor fi hàn pé afẹ́fẹ́ sábà ń gba imú wọlé, ó sì ń gba ẹnu jáde, kí ooru tí ó ti gbé kúrò nínú imú má bàa padà sí ibi tí ó ti kúrò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé orísun omi kan wà ní ẹ̀gbẹ́ inú imú ajá tí ó ń tú omi sílẹ̀ sí i bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i. 

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, imú gígùn Husky, Malamute àti Samoyed jẹ́ ọrọ̀ ńlá fún wọn, ó sì lè ṣàlàyé ìdí tí ajá onírun fẹ́ẹ́rẹ́ tí imú rẹ̀ kúrú, bíi Bulldog, fi ń dákú nínú ooru tí Husky ń là kọjá. Ṣùgbọ́n agbára yìí ní ààlà tí kò ṣeé fo. Omi kì í gbẹ sínú afẹ́fẹ́ tí ó ti kún fún omi. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ aṣálẹ̀ tàbí nínú ọyẹ́ ìhà àríwá Nàìjíríà, mímí hẹlẹhẹlẹ ń ṣiṣẹ́ dáadáa níwọ̀n ìgbà tí ajá bá rí omi mu. Ní etí òkun, níbi tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti máa ń pọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, 30°C lè nira fún ajá ju 38°C ilẹ̀ gbígbẹ lọ. Ẹni tí ó bá ń ka ìwọ̀n ooru nìkan lórí fóònù rẹ̀, tí kò ka ọ̀rinrin mọ́ ọn, kò tíì mọ ohun tí ajá rẹ̀ ń bá jà.

Èrò kẹrin: ilẹ̀ àríwá pàápàá ní ìgbà ooru, ajá sì mọ bí a ti ń pààrọ̀ aṣọ

Àwọn tí ó gba èrò yìí tako ìpìlẹ̀ ìbéèrè náà. Wọ́n ní irọ́ ni pé àríwá jẹ́ yìnyín láti January dé December. Ní Verkhoyansk ní Sàìbéríà, níbi tí òtútù ti lọ sílẹ̀ kọjá −67°C rí, ìwọ̀n ooru gòkè dé 38°C ní ọjọ́ 20 oṣù June 2020, àjọ World Meteorological Organization sì fọwọ́ sí i ní 2021. Fort Yukon ní Àlásíkà ti rí ohun tí ó súnmọ́ 38°C láti 1915. Ajá tí ó gbé irú ibi bẹ́ẹ̀ kò lè ní aṣọ kan ṣoṣo.

Ohun èlò rẹ̀ ni ìpààrọ̀ irun. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, pàápàá nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀, irun inú máa ń rẹ̀ ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀, irun òde yóò sì kù gẹ́gẹ́ bí aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn lè gbà kọjá. Gígùn ojúmọ́ ni ó ń darí rẹ̀: ojú ń rí ìmọ́lẹ̀, ọpọlọ ń dín họ́mónù tí wọ́n ń pè ní melatonin kù tàbí kí ó fi kún un, họ́mónù mìíràn tí í ṣe prolactin sì ń tẹ̀lé e, gbòǹgbò irun yóò wá sinmi tàbí kí ó jí. Àwọn tí ó ń sin ẹranko mink fún awọ rẹ̀ ti lo melatonin láti mú kí irun ìgbà òtútù tètè hù, èyí tí ó fi hàn pé ìtàn họ́mónù náà kì í ṣe àbá lásán.

Èrò yìí dára, ó sì bá ìṣẹ̀dá mu, ṣùgbọ́n kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ wà. Ìhà inú ilẹ̀ Sàìbéríà ni Verkhoyansk wà. Etí òkun Chukotka tí àwọn baba ńlá Husky ti wá kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí ó wúwo jù ni pé aago tí ìpààrọ̀ irun ń tẹ̀lé kò lu dáadáa ní ilẹ̀ olóoru. Ní Chukotka, ojúmọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní alẹ́, ti ìgbà òtútù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀sán; ní Èkó, ìyàtọ̀ láàrin ojúmọ́ tí ó gùn jù àti èyí tí ó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Iná mànàmáná inú ilé tún ń dí àmì náà lójú. Ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ajá onírun méjì tí ó ń gbé inú ilé máa ń rẹ irun díẹ̀díẹ̀ yípo ọdún dípò kí wọ́n jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, irun inú tí ó ti kú a sì dì mọ́ ara wọn bí ìtẹ́. Irun ilẹ̀ àríwá ní ìgbà ooru àti irun tí ó wà lára irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà mọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń yin irun gẹ́gẹ́ bí asà kò sì ka èyí sí.

Èrò karùn-ún: ẹ béèrè iṣẹ́, ìsanra àti ìhùwàsí olówó ajá

Èrò yìí kò ti inú yàrá ìwádìí wá. Àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ẹranko ni ó ti wá. Emily Hall, Anne Carter àti Dan O'Neill lo àkọsílẹ̀ ètò VetCompass ti Royal Veterinary College ní Lọ́ńdọ̀n, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Nínú àwọn ajá tí ó lé ní 900,000 tí wọ́n wo àkọsílẹ̀ wọn fún ọdún 2016, wọ́n rí ìṣẹ̀lẹ̀ àìsàn ooru 395 tí ó dájú. Nǹkan bí ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì yọrí sí ikú. Àìsàn ooru ni ipò tí ara ajá gbóná kọjá ohun tí ó lè tún mú wá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ìfun, kíndìnrín, ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ìwádìí mìíràn láti ọwọ́ àwọn kan náà fi hàn pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ̀lẹ̀ náà tẹ̀lé ìrìn, eré tàbí iṣẹ́, nígbà tí ọkọ̀ tí wọ́n ti ajá mọ́, tí gbogbo ènìyàn ń pariwo lé lórí, jẹ́ nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan irun ni ó yẹ kí a dúró sí díẹ̀. Ẹ̀yà tí ewu rẹ̀ ga jù nínú ìwádìí 2016 ni Chow Chow, tí ìṣeéṣe àìsàn ooru rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́tàdínlógún ti Labrador. Ẹni tí ó di èrò kejì mú yóò sọ pé irun ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ojú Chow Chow kúrú ju ti àwọn ajá yìnyín yòókù lọ, Bulldog tí irun rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sì tẹ̀ lé e gírígírí ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rìnlá, nítorí náà kò sí bí ènìyàn ṣe lè ya ẹ̀bi irun sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀bi imú. Golden Retriever, tí irun rẹ̀ gùn ju ti Labrador lọ tí imú rẹ̀ sì gùn, tún wà lára àwọn tí ewu wọn ga, èyí sì jẹ́ ẹ̀rí fún àwọn tí ó ń fẹ̀sùn kan irun. Greyhound wá dà á rú: irun rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ àrán, imú rẹ̀ gùn bí ọ̀kọ̀, síbẹ̀ ewu rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti Labrador. Ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fà á ni iye ẹran ara tí ó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ àti irú eré tí ó ń sá. Ìwádìí náà tún rí i pé ajá tí ó wúwo ju ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ fún ẹ̀yà rẹ̀ lọ wà nínú ewu jù.

Ní Ísírẹ́lì, Yaron Bruchim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde ní 2006 lórí ajá 54 tí àìsàn ooru kọlù láàrin 1999 àti 2004. Ìdajì wọn kú. Irú àkọsílẹ̀ báyìí lágbára nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni wọ́n kà. Àìlera rẹ̀ ni pé kì í sọ ohun tí ó fà á: ẹni tí ó ní Husky lè máa ṣọ́ra ju ẹni tí ó ní Labrador lọ, ìṣọ́ra náà yóò sì fi ara pamọ́ sínú iye tí ilé ìwòsàn kọ sílẹ̀. Bìrìtéènì kì í sì í ṣe ilẹ̀ olóoru.

Àríyànjiyàn lórí abẹ àti òòyà

Gbogbo èrò wọ̀nyí pàdé lórí tábìlì ẹni tí ó ń gẹ irun ajá. Àwọn tí ó fara mọ́ fífá irun sọ pé tí ajá bá ń gbé inú ìbòòji, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i, irun kúkúrú yóò jẹ́ kí ooru jáde. Ìṣirò ooru tí ó wà lókè kò tako wọn. Àwọn tí ó lòdì sí i tọ́ka sí awọ tí oòrùn lè sun, nítorí pé awọ abẹ́ irun nípọn kò bá oòrùn pàdé rí, wọ́n sì tọ́ka sí ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: irun tí ó kọ̀ láti hù padà. Lára Labrador, ìwádìí kan tí ó jáde ní 2004 fi hàn pé irun tí a fá máa ń padà hù láàrin oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Lára àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ òtútù, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, kódà ó lè kọjá ọdún kan, kí ó sì hù ní àbùlẹ̀-àbùlẹ̀. Àlàyé méjì ni àwọn oníṣègùn awọ ẹranko ń gbé kalẹ̀: àwọn kan ní awọ tí a ṣí sílẹ̀ tutù, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń bọ́ gbòǹgbò irun sì dínkù; àwọn mìíràn ní gbòǹgbò irun àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí máa ń sinmi pẹ́ ju ti ajá yòókù lọ, nítorí pé ìṣẹ̀dá kò fẹ́ kí wọ́n máa ná agbára sórí irun nígbà tí oúnjẹ kò pọ̀. Àlàyé kejì dà bí ẹni pé ó mú ọgbọ́n wá jù.

Ọ̀nà àárín tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ẹranko fara mọ́ ni kí wọ́n fi òòyà tàbí búrọ́ọ̀ṣì fa irun inú tí ó ti kú jáde, kí wọ́n fi irun òde sílẹ̀, kí wọ́n sì gẹ irun ikùn díẹ̀ bí ó bá pọn dandan. Ọ̀nà yìí ń fi ọwọ́ ènìyàn ṣe ohun tí gígùn ojúmọ́ ìbá ti ṣe ní Chukotka.

Ìran àti jíìnì

Èrò tí ó kéré jù nípa iye àwọn tí ó dì í mú ni pé kí àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí di ti ilẹ̀ olóoru nípa bíbí wọn níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Ìwádìí tí ó jáde ní 2020, tí wọ́n gbé ka egungun ajá ẹni nǹkan bí 9,500 ọdún láti erékùṣù Zhokhov ní àríwá Sàìbéríà, fi hàn pé ìlà àwọn ajá yìnyín ti dá dúró láti ìgbà náà, wọ́n sì rí ìyípadà nínú àwọn jíìnì bíi TRPC4 tí ó níí ṣe pẹ̀lú bí ara ṣe ń mọ ìgbóná àti òtútù. Gígùn irun ní tirẹ̀ kò takókó tó bẹ́ẹ̀: ìwádìí 2009 fi hàn pé jíìnì FGF5 ni ó ń darí apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí olùbísí tètè bí Husky onírun kúkúrú, ṣùgbọ́n ohun tí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́sàn-án kó pamọ́ sínú ara kò ní tipa bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí ara ajá kan ṣe ń mọ́ra fún ooru láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ajá kọ̀ọ̀kan ni ó ń mọ́ra, kì í fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìwọ̀n tí ó ṣe pàtàkì jù kò tíì pọ̀ tó. Ràkúnmí, àgùntàn àti ẹyẹlé ni wọ́n fi dáhùn ìbéèrè irun àti oòrùn. Ohun tí ó yẹ ni kí wọ́n mú Husky mélòó kan, kí irun àwọn kan wà lódindi, kí wọ́n fa irun inú àwọn kan jáde, kí wọ́n fá ti àwọn mìíràn, kí wọ́n sì wọn ooru ara wọn nínú oòrùn, nínú ìbòòji, nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti nínú afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin. Àwọn àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ńláńlá náà wá láti ilẹ̀ tí ooru rẹ̀ mọ níwọ̀n, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi rò pé iye tí ó jáde ní Bìrìtéènì yóò jáde bákan náà ní Bàdágrì. Bí ìpààrọ̀ irun ṣe ń rí lára ajá tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ ní ibi tí ojúmọ́ kì í gùn kì í kúrú ṣì ń dúró de àwọn olùwádìí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko ní ilẹ̀ olóoru, tí àyè iṣẹ́ náà wà ní ẹnu ọ̀nà wọn. Ìdí tí irun kan fi ń hù padà tí òmíràn sì ń kọ̀ kò tíì ní àlàyé kan tí gbogbo oníṣègùn awọ fọwọ́ sí.

Lórí ìtọ́jú àkọ́kọ́, àríyànjiyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ kò tíì dé ilé àwọn ènìyàn. Èrò àtijọ́ pé omi tútù lè pa ajá tí ooru mú ti pàdánù ẹ̀rí rẹ̀, síbẹ̀ ìwádìí tí ó jáde ní 2023 ní Bìrìtéènì rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ajá tí ooru kọlù ni wọ́n ti tù lára kí wọ́n tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Kí ẹni tí ó ní ajá onírun nípọn ní ilẹ̀ olóoru fi abẹ sílẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi wà, kí ó mú òòyà. Bí ajá náà bá sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú ooru, kí ó da omi tútù sí i títí yóò fi kọjá irun dé awọ, kí ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, lẹ́yìn náà ni kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.